Agolo Méje Lọ́sàn-án Gangan

Ọ̀kẹ́ méjì owó ni Máfiṣòfò jẹ àbúrò rẹ̀ obìnrin, owó àpò yúríà méjì, ọ̀kẹ́ kan fún àpò kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe owó tó lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ọkùnrin tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tí òrùlé ilé rẹ̀ kò jò, tó sì ní ìdajì hẹ́kítà oko ìrẹsì tí kò háyà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á san irú gbèsè bẹ́ẹ̀, bó pẹ́ bó yá. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lára ni pé àbúrò náà kò béèrè rí. Bí wọ́n bá pàdé lórí pèpéle tó la oko wọn láàárín, obìnrin náà á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o, ṣé ara le," á sì kọjá lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ká ní ó bú u ni, tàbí kó tilẹ̀ yínmú lẹ́ẹ̀kan péré, Máfiṣòfò ì bá ti rí nǹkan dì mú. Ẹni tí a jẹ lówó tí kò béèrè, lójú tirẹ̀, ńṣe ló ń sọ fún ayé pé owó náà kò já mọ́ nǹkan kan lápò òun.

Iṣẹ́ káfíńtà ló ṣe fún ọgbọ̀n ọdún kó tó gba oko. Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Kò sí ìṣó tó wọ́ tí kì í fi òòlù nà kó tún tọ́, ó sì máa ń kó ìyẹ̀fun igi tí ayùn bá gé sínú àpò, á tà á fún àwọn tó ń sin adìyẹ. "Má fi ṣòfò" ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ sí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi ń kí i padà títí ó fi di orúkọ. Àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀, ìṣirò ló fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí i, ìyẹn ni pé lójoojúmọ́.

Bàbá wọn ló pín oko náà kó tó kú. Ó mú okùn, ó ní kí ẹ̀gbọ́n di orí kan mú, kí àbúrò di èkejì mú, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹnu sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òun. Ojú omi kan náà ló ń bọ́ ìhà méjèèjì. Irúgbìn kan náà ni wọ́n ń rà. Àwọn obìnrin kan náà ló ń lọ́ èèhù ìrẹsì sóko fún wọn, ní ọ̀sẹ̀ kan náà, owó iṣẹ́ kan náà. Síbẹ̀, lọ́dún tó kọjá, Tíṣà kó àpò mẹ́tàdínlógójì, Máfiṣòfò kó méjìdínlọ́gbọ̀n. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, mẹ́rìndínlógójì ni ti Tíṣà, tirẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó mọ iye náà lórí bí ẹni mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń di ìrẹsì Tíṣà sọ́kọ̀, abẹ́ àtíbàbà rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, á máa kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àpò kan bá sì bo òmíràn mọ́lẹ̀, á dìde lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀, á ṣe bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù, á tún un kà.

Ọkùnrin kan wà tó ni ẹ̀rọ ìbó-ìrẹsì lẹ́bàá títì, Onímáṣíìnì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń san owó ọkọ̀ ìkórè fún àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, á yọ ọ́ padà nígbà tó bá ra ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Nínú yàrá ìwé rẹ̀, àga kan ṣoṣo ló ní ìrọ̀rí. Ìyókù, bẹ́ǹṣì ni. Lọ́dún méjèèjì yẹn, Tíṣà ni Onímáṣíìnì ń fa àga onírọ̀rí fún. Máfiṣòfò, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan bẹ́ǹṣì náà nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ káfíńtà, orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń nawọ́ sí fún un. Ó sì mọ̀ pé bẹ́ǹṣì ọ̀hún le. Òun ló kàn án, kò fi owó ìrọ̀rí kún un.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣírò ti ọdún tó kọjá tán ni Onímáṣíìnì pa ìwé dé, tó ní ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ó ní oko méjì tí pèpéle kan péré pín ti ń ná òun ní ọkọ̀ méjì, ọjọ́ méjì, ìwé méjì, òun kò sì lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè tó ń bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo lòun yóò máa bá dá owó pọ̀ lórí oko méjèèjì. Ẹni tí àpò rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò fọwọ́ síwèé, òun náà ni yóò máa dá ọjọ́: ọjọ́ ìṣí omi, ọjọ́ ìlọ́, ọjọ́ ajílẹ̀, ọjọ́ ìkórè. Tíṣà ní kò burú. Máfiṣòfò náà ní kò burú. Ó rí ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tí àbúrò tó kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà yóò máa sọ fún un pé òní ni kí ẹ ṣí omi, ọ̀la ni kí ẹ dì í.

Nígbà tó délé tó sọ fún ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá wọn, ẹ lọ bi í bó ṣe ń ṣe é."

"Ta ni kí n lọ bi?"

"Tíṣà ni. Ṣebí tíṣà ni. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dáhùn ìbéèrè."

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti bi í rí, lọ́nà ẹ̀bùrú, bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ sí. Tíṣà sì dáhùn láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó ní ajílẹ̀ tí àwọn ń fọ́n sílẹ̀ ni oúnjẹ ìrẹsì. Yúríà díẹ̀ tí àwọn ń pò mọ́ omi, tí àwọn ń fọ́n sórí ewé, òkèlè àfikún ni, ọjọ́ rẹ̀ ló sì ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ìrẹsì bá lóyún ni. Ó ní òun máa ń fi bíléèdì la igi ìrẹsì kan tàbí méjì láràárọ̀ títí òun á fi rí ọmọ ṣírí nínú rẹ̀. Ọjọ́ tóun bá rí i, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀, agolo mílíìkì mẹ́ta yúríà sí omi ẹ̀rọ àpọ̀nsẹ́yìn kan, ó parí.

Máfiṣòfò kò gbà á gbọ́. Lójú ẹni tó ń ṣòwò láti kékeré, ohun tí wọ́n bá fi sílẹ̀ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, iye rẹ̀ náà nìyẹn. Ta ló ní àṣírí àpò mẹ́sàn-án tí á gbé e fúnni láìgba kọ́bọ̀? Bí tirẹ̀ ṣe rí ni pé ó máa ń dúró títí ewé á fi pọ́n, ìgbà yẹn ni á tó fọ́n. Ìgbà tí ebi bá pa ọmọ, ṣebí ìgbà náà là ń fún un lóúnjẹ. Kò rò ó rí pé aboyún tí wọ́n bá dúró títí ojú rẹ̀ fi jìn kí wọ́n tó bọ́ ọ, ọmọ inú rẹ̀ ti san gbèsè náà kí oúnjẹ tó dé.

Lọ́dún yìí, ó pinnu pé òun ò ní béèrè, òun ò sì ní gbọ́ àlàyé. Wíwò lòun máa wò. Ohun tí Tíṣà bá ń ṣe nígbà tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun, ìyẹn ni òótọ́.

Ó tún àtíbàbà rẹ̀ ṣe, ó yí ẹnu rẹ̀ sí ọ̀nà oko Tíṣà, ó fi páálí bo iwájú rẹ̀, ó lu ihò kan sára páálí náà. Láràárọ̀ ló ń rí obìnrin náà tó ń bẹ̀rẹ̀ sínú ìrẹsì, tó ń fa igi kan tu, tó ń là á, tó ń wò ó súnmọ́ ojú, tó ń jù ú nù. Ìyẹn kò wú u lórí. Ohun tó ń wò kò ju bàtà rọ́bà tuntun tó wà lẹ́sẹ̀ Tíṣà, tó ga dé orúnkún, tí omi kò lè wọ̀. Ó ti béèrè iye rẹ̀ lọ́jà. Iye rẹ̀ bí i nínú, torí ó lè rà á bó bá fẹ́, ṣùgbọ́n bó bá rà á nísinsìnyí, wọ́n á ní ó wo ti Tíṣà rà á.

Ní ọjọ́ kan, lọ́sàn-án gangan, tí àwọn ẹyẹ pàápàá ti wá ibòji lọ, ó rí ohun tó ń wá. Tíṣà gbé ẹ̀rọ àpọ̀nsẹ́yìn tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn wá sóko. Ó da nǹkan inú garawa sínú rẹ̀, ó ti igi kan bọ inú rẹ̀, ó fi àmì sára igi náà. Ó kan èèkàn méjì mọ́lẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ pọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti ibi èèkàn kan dé ibi èkejì, ìṣísẹ̀ rẹ̀ bákan náà, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni ń ka nǹkan, ìrì tó ń tẹnu ẹ̀rọ jáde sì ń tàn nínú oòrùn. Nígbà tó dé òpin, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún fi igi wo inú rẹ̀, ó kọ nǹkan sínú ìwé. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀rọ, ó lọ sílé.

Lẹ́yìn páálí, inú Máfiṣòfò dùn tán, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ tán, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dùn torí ọwọ́ òun ti tẹ àṣírí. Ó bàjẹ́ torí òun mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ pé irọ́ ni ọmọ ìyá òun pa fún òun. Ìrọ̀lẹ́ kọ́, ọ̀sán ni. Wo bó ṣe ń kà á ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀.

Àwọn méjèèjì ló jọ dá owó ra ẹ̀rọ náà, ilé Tíṣà ló sì ń gbé. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ gbà á. Tíṣà fà á fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé òun pààrọ̀ ẹnu rẹ̀, pé ẹnu tuntun yìí ń tu omi jáde ju ti àtijọ́ lọ, pé kí ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ kí òun ṣàlàyé bí wọ́n á ṣe...

"Mo ti ń lo ẹ̀rọ yìí kí wọ́n tó bí ẹ," ni Máfiṣòfò wí, ó sì gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Kò ju ọdún mẹ́fà lọ tí wọ́n ra ẹ̀rọ náà. Tíṣà kò sọ ìyẹn.

Ó ṣírò rẹ̀ dáadáa, bí ó ti máa ń ṣírò pákó. Oko rẹ̀ ń gba omi ẹ̀rọ méje. Bí agolo mẹ́ta sí ẹ̀rọ kan bá fún Tíṣà ní àpò mẹ́tàdínlógójì, a jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ yọrí kò gbọ́dọ̀ dúró lórí mẹ́ta. Ó fi méje sí i. Ẹ̀rọ méje, agolo méje: agolo mọ́kàndínláàádọ́ta yúríà, láti inú àpò tí kò tíì san owó rẹ̀. Ọkùnrin tó ń na ìṣó wíwọ́ kó tún tọ́ kò ka ìyẹn sí òfò. Ó fọ́n ọn láti ìgbà tí òjìji rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi gùn tó ọ̀pá. Òógùn bọ́ sí i lójú, ó ta á, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Bó ti ń lọ ló ń bojú wo òdìkejì pèpéle. Ìrẹsì Tíṣà dúró níbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ti ń lé òun bọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, orí ewé tirẹ̀ pọ́n. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbẹ, ó rí bí etí ìwé ìròyìn tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Láti orí pèpéle, èèyàn lè rí ibi tí oko kan parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀ láìwo ilẹ̀. Máfiṣòfò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kòkòrò ni. Obìnrin náà wò ó, ó wo oko, ó ní kòkòrò yìí mọ ààlà o, kò fẹsẹ̀ kan pèpéle.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Tíṣà wá gba ẹ̀rọ. Ó bá a lábẹ́ àtíbàbà, ó rí páálí, ó rí ihò ara rẹ̀. Ó ṣí ẹ̀rọ, ó fi ìka kan ẹnu rẹ̀ níbi tí iyọ̀ yúríà ti gbẹ mọ́ ọn funfun. Ó béèrè agolo mélòó. Máfiṣòfò ní mẹ́ta. Tíṣà ń wo ìka rẹ̀, kò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyẹn ni Máfiṣòfò kò lè fara dà.

"Kí lo wá ń wo ìka fún? Ṣebí ọ̀sán gangan ni ìwọ náà fọ́n tìẹ. Mo rí ẹ. Ojú mi báyìí ni mo fi rí ẹ, ò ń ka ìṣísẹ̀. O wá ní ìrọ̀lẹ́ ni. Ọmọ ìyá mi, ìrọ̀lẹ́ ni."

Tíṣà gbé ojú sókè. "Ọjọ́ tí mo gbé èèkàn wá?"

"Ọjọ́ yẹn."

"Omi ni."

"Omi wo?"

"Omi lásán, ẹ̀gbọ́n mi. Omi kànga. Ẹnu tuntun ni mo fi sẹ́rọ, mo ń wọn iye omi tó ń tu jáde ní àádọ́ta ìṣísẹ̀. Ọ̀sán ni mo ṣe é kí ewé lè tètè gbẹ." Ó nawọ́ sí oko tirẹ̀. "Mi ò tíì fọ́n tèmi. Ìrọ̀lẹ́ òní ni. Àárọ̀ òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nínú igi."

Máfiṣòfò jókòó. Ohun tí ó ń jowú rẹ̀ láti ẹ̀yìn páálí, tí ó sùn tì, tí ó jí tì, tí ó fi agolo mọ́kàndínláàádọ́ta lé, omi kànga ni. Ká ní ilẹ̀ ya ẹnu ni, ì bá wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ oko ìrẹsì kì í ya, omi ló wà lórí rẹ̀.

"Méje ni," ló wí.

"Méje kí ni?"

"Agolo."

Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó bọ́ sínú oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀, ó fa igi ìrẹsì kan tu, ó mú bíléèdì láti inú ìwé rẹ̀, ó là á láti ìdí. Ó gbé e wá síwájú rẹ̀. Nínú igi náà, lókè oríkèé tó kẹ́yìn, nǹkan funfun kékeré kan wà, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì, ó ní irun bí ẹnu òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Máfiṣòfò ti ń dá oko ìrẹsì láti ọdún mọ́kànlá, kò rí i rí.

"Ewé ló jó," ni Tíṣà wí. "Inú kò tíì jó. Ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́ òní. Tó bá di ọjọ́ kẹfà, tí ewé tuntun bá yọ, ẹ fọ́n agolo mẹ́ta, nírọ̀lẹ́, tí òjò ò bá ṣú. Mo máa gbé ẹ̀rọ wá fún yín."

Ó lọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ yúríà, kò sọ pé àpò ta ni. Máfiṣòfò retí rẹ̀ títí ó fi gba orí pèpéle kọjá, kò sọ ọ́. Ìyẹn náà dùn ún.

Ó ṣe é bí wọ́n ṣe sọ. Kò dùn mọ́ ọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà, bó ti ń pọ̀n ẹ̀rọ, gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ ló ń kà, ó sì ń ṣépè fún ara rẹ̀ pé ètè òun náà ń mì. Nígbà tó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣírí yọ lóko méjèèjì. Ti Tíṣà kọ́kọ́ tẹrí ba. Tirẹ̀ tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ewé tí etí rẹ̀ ṣì gbẹ, bí ẹni tó wọ aṣọ tí iná jó lọ sí ibi iṣẹ́.

Ìkórè dé. Abẹ́ àtíbàbà ló ti kà á, ó ti ya páálí kúrò. Tíṣà, mọ́kàndínlógójì. Òun, méjìlélọ́gbọ̀n.

Ó dára ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Àpò mẹ́rin ló fi ju ti èṣí lọ, pẹ̀lú ewé jíjó. Láti ìgbà tó ti gba oko, kò kó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ìyàwó rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó ń rò ni pé, bí òun kò bá jó o ńkọ́? Ó ní ká sọ pé jíjó yẹn jẹ àpò mẹ́ta, ó tún ní ká sọ pé mẹ́rin. Pẹ̀lú mẹ́rin pàápàá, kò lé Tíṣà bá, àfi kó fi méje kún un, kó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a dọ́gba. Ó ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ló ń jáde. Ìṣirò kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò.

Nínú yàrá Onímáṣíìnì, Tíṣà jókòó sórí àga onírọ̀rí. Onímáṣíìnì yí ìwé sí i, Tíṣà sì fọwọ́ sí i. Kò pẹ́ rárá. Máfiṣòfò kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó dúró. Nígbà tí wọ́n ka owó ìrẹsì tirẹ̀ fún un tán, tí wọ́n ti yọ owó ọkọ̀ ìkórè, ó súnmọ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka owó kalẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀, ní ẹgbàá ẹgbàá, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tó kà á dé orí kọkàndínlógún, ó dúró. Ó ká ìyókù, ó fi sí àpò.

Tíṣà ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, bí bàbá wọn ṣe kọ́ àwọn méjèèjì.

"Ó ku ẹgbàá kan, ẹ̀gbọ́n mi."

Láti ọjọ́ tó ti jẹ ẹ́ ní gbèsè, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí owó náà jáde lẹ́nu Tíṣà. Nǹkan kan tú sílẹ̀ ní àyà Máfiṣòfò, bí ìdè àpò tó le tó já.

"Mo mọ̀."

"Ẹ ṣì ní owó lọ́wọ́."

"Mo ní in." Ó ń wo bàtà rọ́bà Tíṣà lábẹ́ tábìlì, ẹrẹ̀ oko méjèèjì ti gbẹ mọ́ ọn. "Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí o bá máa la igi ìrẹsì lọ́dún tó ń bọ̀, ránṣẹ́ sí mi. Mo máa mú ẹgbàá náà wá síbẹ̀, kí o là á lójú mi."

Onímáṣíìnì wo ọ̀kan, ó wo èkejì, kò yé e. Tíṣà mú ìwé rẹ̀ jáde. Ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀kẹ́ méjì tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, tó mọ́ tónítóní láìsí ìbéèrè kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọ ẹgbàá kan sí ìsàlẹ̀, ó sì fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ lófìfo.

Máfiṣòfò gba ẹnu ọ̀nà jáde. Kó tó gun kẹ̀kẹ́, ó yà sí ìdí ọkọ̀ tí àpò ìrẹsì wà, ó tún ka ti Tíṣà. Mọ́kàndínlógójì ni.